Aṣọ Tí Ò Sáré

Ìjẹ̀bú-Òde

Ṣadé mi àtàtà,

Báwo ni Manchester? Ṣé òjò ibẹ̀ ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ simi? Àwa ò simi o, ṣaworo ẹṣin Ojúde Ọba ṣì ń dún létí mi.

Ojú tì mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọjọ́ tó ṣáájú Ojúde Ọba, mò ń bá àǹtí mi tajà ní Òkè-Ajé. Òyìnbó obìnrin kan yà sí wa, ó mú àdìrẹ kan tí aró rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, ó ní, “Will it run?”

Àǹtí kọjú sí mi: “Kí ló wí?”

Èmi alákọ̀wé, mo ní, “Ó ní ṣé ó máa sáré ni.”

Wọ́n wo aṣọ, wọ́n wò mí. “Ṣé ẹṣin ni mo pàtẹ ni?”

Obìnrin yẹn fi itọ́ tọ́ ìka, ó fi ra etí aṣọ náà, ó na ìka sí wa. Ó ti di búlúù. Àǹtí tí wọn ò kà kọjá ìwé mẹ́fà ló kọ́kọ́ pariwo: “Ó ń béèrè bóyá ó ń ṣí!” Wọ́n ní kí n sọ fún un pé ó ń ṣí díẹ̀, kó máa fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kó sì máa sá a síbi ìbòòji. Bí wọ́n ṣe dẹ́nu lé “sá” báyìí ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín: “O ò rí i, ó ń sá lóòótọ́!”

Mo délé, mo yẹ ọ̀rọ̀ “run” yẹn wò. Ìtumọ̀ 645 ni ìwé atúmọ̀ èdè Oxford kà fún un, fún ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan! Peter Gilliver tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lo oṣù mẹ́sàn-án. Imú ń ṣomi, run. Mọ́tò tó ń ná Ìjẹ̀bú-Igbó, run. Ẹni tó ń du ipò gómìnà, run. Gààrí tán nílé, run náà ni, ká ṣáà fi “out” tì í lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ta ló kúrò nílẹ̀ nínú gbogbo ìyẹn?

Àmọ́ kí n má purọ́, àwa náà ń ṣe é. Lọ́jọ́ yẹn, a pawó, ebi pa wá, a pa iná, a pa ilẹ̀kùn dé. Ta ló kú níbẹ̀?

Àdìrẹ tìẹ wà nínú ẹrù tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé bọ̀. Má kó o pọ̀ mọ́ aṣọ funfun o. Ó ń run.

Èmi ni tìẹ,
Rónkẹ́