Àkànní, má fi ṣúgà nìkan ṣe ìdùnnú

Igbó-Ọrà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá rẹ ní kí n kí gbogbo yín.

Mo ti rí èsì àyẹ̀wò tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé, "Màámi, ẹ bá mi dúpẹ́, kò sí ìtọ̀ ṣúgà." Mo dúpẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo tún ìwé náà kà látòkè délẹ̀, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Jọ̀wọ́, ka lẹ́tà yìí tán kí o tó jáde síṣẹ́ alẹ́.

Ṣúgà àárọ̀ rẹ jẹ́ 97, kò tíì dé 100. Ó dáa. Triglyceride, ìyẹn ọ̀rá tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, jẹ́ 178, bẹ́ẹ̀ láti 150 ló ti yẹ kí ènìyàn fura. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ń ru díẹ̀: 134 lórí 86. Àyíká ikùn rẹ sì jẹ́ ínṣì 41, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 104. Nǹkan márùn-ún làwọn dókítà ń wò: mẹ́rin tí mo kà yìí, àti HDL, ọ̀rá rere inú ẹ̀jẹ̀, tí tìrẹ ṣì dára. Ẹni tí mẹ́ta nínú márùn-ún bá ti wọ́ lára rẹ̀ ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní metabolic syndrome, ìyẹn àkójọ àmì ewu fún ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn ọkàn. O ti ní mẹ́ta, Àkànní, láìka ṣúgà mọ́ ọn.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé àká ni ọ̀rá ara, ibi tí ara ń kó oúnjẹ tó ṣẹ́kù sí. Ìgbà tó di 1994 ni Jeffrey Friedman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York rí i pé ọ̀rá ń tú họ́mọ̀nù, ìyẹn kẹ́míkà tó ń jíṣẹ́ nínú ara, sínú ẹ̀jẹ̀. Leptin lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ti wà nípamọ́, kí a rọra jẹun. Bí ọ̀rá bá ṣe pọ̀ tó ni leptin ṣe ń pọ̀ sí i. A ó rò pé ẹni tó sanra ló yẹ kó tètè yó. Kò rí bẹ́ẹ̀, torí nígbà tí leptin bá ti pọ̀ lápọ̀jù, ọpọlọ kì í fetí sí i mọ́.

Adiponectin ni họ́mọ̀nù ìkejì, èmi sì rò pé òun ló yẹ kí o mọ̀ jù. Ọ̀rá náà ló ń tú u jáde, ó ń ran ínsúlìn, họ́mọ̀nù tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, lọ́wọ́, ó sì ń dáàbò bo iṣan ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rá inú ikùn bá ṣe ń pọ̀ sí i ni òun ń dín kù. Ínsúlìn á wá máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó kí ṣúgà má baà gòkè. Ìdí nìyẹn tí 97 rẹ kò fi fi ọkàn mi balẹ̀: ṣúgà lè dúró síbi tó dáa fún ọdún pípẹ́ nígbà tí ínsúlìn ti ń rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àìtètè mólè lolè ń mólóko.

Má sì sọ pé bí wọ́n ṣe ń rí nílé wa nìyẹn. Lẹ́yìn 1990, àwọn onímọ̀ wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwa ènìyàn dúdú, títí kan Igbó-Ọrà níbí, dé Jàmáíkà àti Maywood tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago rẹ yẹn. Nínú 100 àgbàlagbà, 16 ló ní i ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, 26 ní erékùṣù Kàríbíà, 33 ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n yẹ leptin wò, ti àwọn ọmọ Nàìjíríà ló kéré jù, ti àwọn ará Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù. Orísun kan náà ni gbogbo wọn. Bí wọ́n ṣe ń jẹ àti bí wọ́n ṣe ń gbé ló yàtọ̀.

Àǹtí rẹ ní Ìbàdàn a máa wo fọ́tò rẹ, wọ́n á ní Amẹ́ríkà ti gbà ọ́, pé ikùn olówó ti yọ. Inú mi kì í dùn sí ìyìn yẹn.

Oorun ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹni tí kò sùn tó, leptin rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀, ghrelin, họ́mọ̀nù tó ń mú kí ebi pani, á gbéra sókè. Ta aṣọ dúdú sójú fèrèsé, pa fóònù, sùn lọ́sàn-án bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé. Jọ̀wọ́, fi mínírà tí o ń mu lóru sílẹ̀. Rìn kánmọ́kánmọ́, kó pé ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Nínú kílò 100, bí 5 sí 10 bá lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti triglyceride sábà máa ń sọ̀ kalẹ̀. Má ra oògùn kankan tí wọ́n bá ní ó ń tún leptin ṣe. Padà sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn wọ̀n.

Ra teépù aránṣọ. Bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, fọwọ́ wá egungun ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìbàdí, kí o fi teépù yí agbede-méjì wọn. Mí síta wọ́ọ́rọ́wọ́, má fa ikùn wọlé, kí o wá kà á. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní 102 sẹ̀ǹtímítà ló ti di ewu fún ọkùnrin, ṣùgbọ́n 94 ni wọ́n ń lò fún àwa ará Áfíríkà, òun ni kí o sì dì mú. Kí ìyàwó rẹ náà wọn tirẹ̀, 80 ni ti obìnrin. Fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ Àìkú.

Èmi ni,
Màmá rẹ.