Káàdì ọdẹ kì í ṣe ìwé ìbọn o

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde kí òjò tó dáwọ́ dúró, nítorí bí ìgbẹ́ bá ti gbẹ, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kò ní jókòó sílé ka ìwé ìròyìn mọ́.

Ohun tó ń kó ọ̀pọ̀ ọdẹ agbègbè Abẹ́òkúta sí wàhálà lójú ọ̀nà, láti Ọ̀dẹ̀dá títí dé Ọbáfẹ́mi-Owódé, ni pé wọ́n gbà pé káàdì ìdánimọ̀ tó wà lọ́rùn wọn ti parí gbogbo ọ̀rọ̀. Káàdì ń sọ ẹni tí ọdẹ jẹ́, ibi tó ń gbé àti àwọn tó jẹ́rìí sí i. Kò sọ pé ìbọn èjìká rẹ̀ bófin mu. Káàdì Àmọ̀tẹ́kùn pàápàá, tó dé sáàárín wa láti 2020, ti iṣẹ́ ni. Kò dúró fún ìwé ìbọn tí ọdẹ fi ń ṣọdẹ ara rẹ̀.

Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, tó ti wà láti 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà àti àwọn ìbọn mìíràn tí à ń ti ẹnu ki ẹ̀tù sí wà ní ìpín kẹta, aláṣẹ tí ìjọba bá yàn ní ìpínlẹ̀ ló ń fúnni ní ìwé wọn. Ìbọn oníkátíríìjì, ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì, tí à ń fi ọwọ́ ki ọta sí lẹ́yìn tó bá yìn, wà ní ìpín kejì. Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ló ni àṣẹ ìyẹn. Ìpín kìíní ni èèwọ̀. Pump-action, ìbọn tí à ń fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kí ọta mìíràn lè wọlé, wà níbẹ̀, ìbọn ìléwọ́ náà wà níbẹ̀. Kò sí káàdì ẹgbẹ́ tàbí lẹ́tà Olúọ́dẹ tó lè sọ wọ́n di irinṣẹ́ ọdẹ. Òfin kan náà kò gbà kí á fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17 ní ìwé ìbọn, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn.

Ẹni tó bá fẹ́ gba káàdì, orúkọ ni kó kọ́kọ́ mójú tó. Kó gbé ìwé NIN rẹ̀ síwájú, kó da orúkọ kọ bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, pẹ̀lú nọ́ńbà 11 náà. Ibí ni ti àwa Ẹ̀gbá ti máa ń bàjẹ́ jù. Orúkọ kan náà, Sodeinde ni NIN kọ, Shodeinde ni káàdì gbé, Sodehinde ló wà lórí ìwé ìbọn. Ènìyàn mẹ́ta nìyẹn lójú ọlọ́pàá tí kò mọ̀ ọ́n rí. Bí NIN ló bá ṣàṣìṣe, NIN ni kí á kọ́kọ́ tún ṣe, kó tó kan káàdì. Kí ẹnikẹ́ni má sì jẹ́ kí wọ́n kọ ìnagijẹ tí wọ́n fi ń pè é nínú ìgbẹ́ sórí rẹ̀.

Lẹ́yìn orúkọ ni àdírẹ́sì. Ọ̀pọ̀ nínú wa nílé ní ìlú, a sì tún ní abà. Ibi tí ìbọn ń sùn ni kí ẹ kọ, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n máa wá bí wọ́n bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Olúọ́dẹ àdúgbò yẹn náà ló yẹ kó jẹ́rìí, kì í ṣe ti ìlú ìyá ẹni. Fọ́tò gbọ́dọ̀ fi gbogbo ojú hàn: kò sí fìlà, kò sí iná ọdẹ níwájú orí.

Bí ìbọn bá ní nọ́ńbà lára irin rẹ̀, ẹ nu gíríìsì kúrò kí ẹ tó kà á. Òdo àti lẹ́tà O, 8 àti B, 1 àti I, àwọn ló máa ń da akọ̀wé lójú rú. Ọ̀pọ̀ ṣakabùlà kò ní nọ́ńbà rárá; ẹ wọn gígùn irin rẹ̀, ẹ kọ bó ṣe ń gbaná, ẹ kọ àmì ara igi rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ igi yẹn, àmì ti yí padà nìyẹn, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tún un kọ. Ẹ ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sórí káàdì tán kí wọ́n tó fi ọ̀rá bò ó.

Káàdì kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú àpò ọdẹ. Òógùn, ẹ̀jẹ̀ ẹran àti ẹ̀tù ń jẹ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ẹ fi sínú ọ̀rá tó ṣe é pa dé, lọ́tọ̀ sí ẹ̀tù, ẹ má sì lu ihò gba orí ọ̀rọ̀ tàbí fọ́tò kọjá nítorí okùn. Ẹ̀dà kan kó wà nílé, kí òmíràn wà lọ́wọ́ Olúọ́dẹ. Bó bá sọnù, ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí, ẹ gba ìwé níbẹ̀, ẹ ṣe ìbúra kóòtù, kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ ẹni tó fún yín. Ẹni tó bá ní kí onífọ́tókọ́pì tẹ òmíràn fún òun ti sọ ìwé tòótọ́ di ayédèrú.

Káàdì yìí kò ṣílẹ̀kùn igbó ọba. Olókèméjì ti wà lábẹ́ ìjọba láti 1899, Arakanga náà wà ní ẹnu ọ̀nà ìlú wa níbí. Àṣẹ ilé iṣẹ́ igbó ni à ń gbà ká tó wọ̀ wọ́n. Òfin 1985 lórí àwọn ẹranko tó fẹ́ parun, tí wọ́n tún ṣe ní 2016, sì ti fi akíka, erin, ẹkùn àti ìnàkí ṣe èèwọ̀ fún ọdẹ gbogbo.

Bí ọdẹ bá kú, káàdì rẹ̀ kú pẹ̀lú rẹ̀. Tí a bá ti ṣe ìpà ọdẹ tán, kí àwọn ẹbí dá káàdì padà, kí wọ́n sì fi ìbọn náà tó ọlọ́pàá létí. Ọmọ tó bá fẹ́ gbé e gbọ́dọ̀ gba ìwé ní orúkọ ara rẹ̀. Ìbọn bàbá tó wà lájà láìníwèé ti sọ ọmọlúwàbí di ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀wọ̀n dẹ́rù bà, ó sì dùn mí gan-an, nítorí ìrìn ọjọ́ kan péré ni kò rìn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọjọ́. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni ìwé ìbọn ń tán lọ́dọọdún, àárín èrùn gan-an, nígbà tí wọ́n ń sun ìgbẹ́ tí ọdẹ sì wà lóko tọ̀sán tòru. Ọdẹ á wọ igbó pẹ̀lú ìwé tó péye, á sì jáde pẹ̀lú èyí tó ti kú. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń ṣe káàdì àti ìwé wọ̀nyí ni pé kí wọ́n gbé tábìlì wọn wá sí ìpàdé ọdẹ nínú oṣù Kẹwàá, kí wọ́n fún olúkúlùkù ní rìsíìtì, kí wọ́n sì tẹ ọjọ́ tí káàdì máa tán gàdàgbà sí iwájú rẹ̀, kì í ṣe wínníwínní sí ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi, ẹ yọ tiyín wò lónìí, ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọdẹ kan, Abẹ́òkúta