Ràṣídì, bí léètì yẹn ṣe máa dé Ògbómọ̀ṣọ́ rèé

Ràṣídì ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Kàdúná lọ́hùn-ún? Ìyá Àmínà ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ọ̀gá wa ń kí ẹ o, ara ti ń yá díẹ̀díẹ̀, wọ́n ti ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, wọ́n á máa wo àwọn ọmọ iṣẹ́, wọ́n á ní "ẹ rọra, ẹ rọra", bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún èmi àti ìwọ.

Mo ti wo gbogbo fọ́tò tó o fi ránṣẹ́, mo sì wo fídíò ìgbà tí wọ́n tan léètì náà, ẹ̀rọ tá a máa fi gé irin róbótó. Mo gbé fóònù sétí kí n lè gbọ́ géà ẹ̀ dáadáa, ó ń lọ wẹ́rẹ́, kò pariwo rárá. Inú mi dùn gan-an. Iye tí Alájì tó ń tà á pè yẹn, má bá wọn ná an mọ́ jàre, sọ fún wọn pé a ti gbà. Bẹ́ẹ̀dì, ìdí irin gbọọrọ tí ẹ̀rọ náà jókòó lé, tó gùn tó yẹn gan-an la nílò níbí, torí gbogbo ṣáàfù ẹ̀rọ gàrí àti ti ẹ̀rọ ìlọka tó bá ti gùn díẹ̀, Ìlọrin tàbí Ìbàdàn là ń gbé e lọ, owó wa sì ń bá a lọ.

Ṣùgbọ́n bó ṣe máa dé ibí ló kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já jù tá a bá ń sọ ọ́ lórí fóònù, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kúkú jókòó kọ ọ́, kó o lè máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e.

Ràṣídì, ọ̀nà kọ́ ló máa ń ba irú ẹrù báyìí jẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá ń gbé e sórí mọ́tò àti ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni. Ibikíbi tá a bá ti lè dín owó kù, jẹ́ ká dín in, àmọ́ níbi gbígbé àti sísọ̀, má ṣe ahun sí i, bí oníkíréènì bá pe owó tó pọ̀, pè mí, màá wá a. O rántí ọ̀gbẹ́ni tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ títì wa? Òun náà ra léètì kan l'Ékòó, léètì tó dáa ni o, wọ́n wá gbé e sínú típà torí pé típà ló gbà láti gbé e ní pọ́ọ́kú. Alẹ́ ló wọ̀lú. Kò sí kíréènì, kò sí ẹni tó máa já a, dẹrẹ́bà ń kánjú, ó ní òun ò lè sùn síbẹ̀, ló bá gbé ìdí típà sókè. Léètì yọ́ wálẹ̀, ẹsẹ̀ kan ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì sì là. Irin tí wọ́n dà ni, kì í tẹ̀, ńṣe ló máa ń fọ́ bí ìkòkò. Wọ́n ti wẹ́dì ẹ̀, wọ́n tún un wẹ́dì, títí dòní tó bá gé ṣáàfù tó gùn, orí kan á tóbi ju ìkejì lọ. Ó máa ń dùn mí tí mo bá kọjá níbẹ̀.

Torí náà ọ̀dọ̀ wa níbí ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti bá ẹnì kan tó ní Hiab sọ̀rọ̀ ní Ìlọrin, mọ́tò tó ní kíréènì lára yẹn. Ìlọrin sí ibí ò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n owó ojúmọ́ ló ń gbà, bó ṣiṣẹ́ bó jókòó, ìyẹn ni mi ò ṣe lè pè é sílẹ̀ lásán. Bíríkìlà ti fẹ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. A ti da kọnkéré síbi tó máa jókòó sí, ínṣì mẹ́fà, a tẹ́ irin sí i nínú, ó ti ń gbẹ. Ìwọ náà ṣì mọ ọ̀nà tó wọlé láti Takie, tírélà ò lè yí níbẹ̀ láéláé, torí náà ẹ̀bá títì Ìlọrin ni dẹrẹ́bà máa dúró sí, Hiab á gbé e lórí mọ́tò ẹ̀, á gbé e dé ẹnu ọ̀nà, àwa á wá fi páìpù yí i wọlé. Díígà méjì, páìpù onínṣì méjì mélòó kan, èyí tó bá jáde lẹ́yìn wọ́n á gbé e wá síwájú, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ ẹ̀. Ọ̀gá ní àwọn máa dúró tì wá lọ́jọ́ náà.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ mọ́tò. Wọ́n á sọ fún ẹ ní páàkì pé tírélà alálùbọ́sà ló pọ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ wá s'Ékòó, pé àwọn á bá ẹ tì í sábẹ́ ẹrù. Má gbà o. Wọ́n á gbé léètì sísàlẹ̀, wọ́n á to àpò àlùbọ́sà àbí ti àgbàdo lé e lórí dé òkè, tó bá wá dé Ògbómọ̀ṣọ́ ta ló máa já gbogbo àpò yẹn? Àlùbọ́sà tí wọ́n ń retí ní Mile 12, kò sí dẹrẹ́bà tó máa dúró torí tèmi, yóò gbé ẹrù mi kọjá lọ s'Ékòó ni, ká wá máa sáré lé e. Tí wọ́n bá ní àwọn á fi sí ìdí pátápátá kó lè rọrùn láti yọ, ìyẹn náà ò da. Ẹrù tó tó tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀, orí táyà ló yẹ kó wà, kì í ṣe kó yọ sẹ́yìn táyà, á jẹ́ kí iwájú mọ́tò fúyẹ́, ìjánu ò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Flat body, tírélà tí ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ́jú gbalaja, ni kó o wá, irú èyí tó gbé irin rọ́ọ̀dù tàbí táìsì wá láti Èkó tó ń padà lófìfo. Inú àwọn yẹn máa ń dùn sí ohunkóhun tó bá ti lè ra díísù fún wọn, wàá rí i pé owó ẹ̀ á já wálẹ̀ gan-an sí ti ẹni tó ń di mọ́tò láti ilẹ̀. Tó bá ru kọ̀ntéénà òfìfo, fi sílẹ̀, àyè ò sí lórí ẹ̀, ó sì ń sáré kí wọ́n má baà bu owó ìdúró lé kọ̀ntéénà náà ni. Lóòbẹ́ẹ̀dì tó o bèèrè yẹn, jẹ́ kó máa lọ, katakátá ni wọ́n fi ń gbé, ẹrù wa ò tó o.

Kó o tó bá dẹrẹ́bà kankan ná owó, bi í pé ọ̀nà wo ló ń gbà. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju owó lọ. Tó bá máa gba Lọ́kọ́jà já sí Okene, kó gba Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́ lọ sí Ìbàdàn, kò ní fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rárá. Á ní "ẹ má ṣèyọnu, màá já a fún yín n'Íbàdàn". Ìyẹn ti di kíréènì lẹ́ẹ̀mejì sí i àti mọ́tò mìíràn láti Ìbàdàn, owó tá a rò pé a jèrè ti lọ nìyẹn, léètì á sì tún fò sókè lẹ́ẹ̀kan sí i tí kò yẹ kó fò. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Bida àti Mọ́kwà wá sí Jẹ́bà ló wù mí, bí ọ̀nà ìpínlẹ̀ Niger ò tiẹ̀ dáa, tàbí ẹni tó bá gba Lọ́kọ́jà àmọ́ tó ya gba Kàbà àti Ọ̀mù-Àrán wá s'Ílọrin. Ti Birnin Gwari, jọ̀ọ́, má rán ẹnikẹ́ni gba ibẹ̀ nítorí ẹrù mi. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Ó máa ń ká mi lára o. Láti 1912 ni ojú irin tó wá láti Èkó ti dé Kánò, ó gba Òṣogbo, ó gba Ọ̀fà, ó gba Ìlọrin, Jẹ́bà, Mínnà, títí dé ọ̀dọ̀ yín ní Kàdúná, ó wá fi Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Irú ẹrù báyìí gan-an ni reluwé wà fún.

Ọjọ́ gbígbé wá ńkọ́. Mo fẹ́ kí ìwọ fúnra ẹ dúró níbẹ̀, ìwọ tó o gbọ́ Haúsá, kó o lè bá àwọn lóòdà sọ ọ́ yé. Èyí tó máa wù wọ́n jù ni kí wọ́n so okùn mọ́ spindle, irin tó ń yí, tàbí chuck tó ń di iṣẹ́ mú lórí ẹ̀, torí ibẹ̀ ló yọ síta. Kí wọ́n má dán an wò. Kí wọ́n má so ó mọ́ lead screw náà, irin gígùn olóró tó wà níwájú bẹ́ẹ̀dì, tí ìyẹn bá tẹ̀ pẹ́rẹ́ báyìí, a ò ní gé òró kankan, ojú tí nọ́ọ̀tì ń lọ́ wọ̀, tó máa tọ́ mọ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni bẹ́líìtì máa gbà. Bẹ́líìtì ni mo sọ o, kì í ṣe wáyà. Kí wọ́n fi igi há àárín bẹ́líìtì àti lead screw kí bẹ́líìtì má lè fún un. Apá headstock, orí tí spindle wà nínú ẹ̀, ló wúwo jù, torí náà kọ́kọ́ wa saddle tó ń gbé ọ̀bẹ àti tailstock tó ń ti ìdí iṣẹ́ lọ sí ìpẹ̀kun ọ̀tún kó lè bá a dọ́gba, kó o sì lọ́ wọn pa síbẹ̀. Kí oníkíréènì wá gbé e sókè díẹ̀ péré, kó dúró. Kí gbogbo yín wò ó. Tó bá tẹ̀ sápá kan, kó sọ̀ ọ́, ẹ sún bẹ́líìtì, kó tún gbé e. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré yín.

Ẹnì kan máa sọ pé kí wọ́n tú headstock kúrò kó lè fúyẹ́. Sọ fún un pé rárá. Iléeṣẹ́ tó ṣe é ló ti tò ó kó bá bẹ́ẹ̀dì mu gún régé, tá a bá tú u, ta ló máa tún un tò fún wa l'Ógbómọ̀ṣọ́? Chuck àti mọ́tọ̀ iná ni kẹ́ ẹ tú. Fi gíríìsì pa gbogbo ojú bẹ́ẹ̀dì, kó pọ̀, kó o wá fi ọ̀rá we é kí òjò má baà mú ìpẹtà bá a, kó o tó da tapólì bò ó. Kí wọ́n fi bóòtù dè é mọ́ pákó méjì tó nípọn láti ojú ihò ẹsẹ̀ ẹ̀, pákó yẹn ni kó jókòó lé lórí mọ́tò. Ṣéènì, ibi ẹsẹ̀ ni kó gbà, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì. Kí dẹrẹ́bà sì dúró lẹ́yìn ìrìn díẹ̀ kó tún ṣéènì fà, torí pákó máa ń jókòó wọlẹ̀, ṣéènì á sì dẹ̀. Ti ṣépà kékeré tó máa bá léètì wá yẹn, ẹ̀rọ tó ń fá ojú irin, ò le, ẹ ṣáà ti ram ẹ̀, apá tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn, wọlé kẹ́ ẹ lọ́ ọ pa.

Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ ló máa ń pa mí láyà jù. Mo rí wọn nínú fọ́tò kan, wọ́n kó wọn sínú àpò sìmẹ́ǹtì lẹ́bàá ògiri: àwọn géà tí wọ́n fi ń pààrọ̀, steady tó ń gbé irin gígùn ró, faceplate, àwo tí wọ́n ń de iṣẹ́ mọ́, chuck eléyín mẹ́rin. Tí géà kan bá sọnù nínú wọn, ó ti di òró kan tá a ò ní lè gé mọ́ nìyẹn, a ò sì ní rí i rà lọ́jà. Jọ̀ọ́, ní kí káfíńtà kan àpótí fún wọn, tì í pa, ya fọ́tò ohun tó wà nínú ẹ̀ kó o tó tì í. Eyín chuck, nọ́ńbà wà lára wọn, 1, 2, 3, kó o so wọ́n pọ̀ bó ṣe tò.

Ní ti ìwé, kí rìsíìtì Alájì ní nọ́ńbà tó wà lára léètì náà, kì í ṣe "irin ẹ̀rọ kan" lásán. Torí pé ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé ló ti jáde, gba ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi tà á fún Alájì náà. Àwọn ọlọ́pàá máa ń dá mọ́tò tó bá gbé irin àlòkù dúró, wọ́n á máa bèèrè bóyá irin reluwé ni àbí ti ìjọba, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í pẹ́ tíwèé bá ti wà. Kọ wéébíìlì sí i, ẹrù mélòó, nọ́ńbà mọ́tò, orúkọ dẹrẹ́bà. Àwọn tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lójú ọ̀nà, òfin owó-orí ti 1998 ti sọ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dínà gba owó-orí, ṣùgbọ́n dẹrẹ́bà ló máa pàdé wọn lóru, kì í ṣe èmi àti ìwọ. Bá a sọ ọ́ pé inú owó tá a san ni gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì wà, kó má tún pè mí l'Ílọrin pé òun fẹ́ àfikún. Ìṣúránsì third-party tó wà lórí mọ́tò ò kan ẹrù orí ẹ̀ o, tó o bá rí ẹni tó lè bá wa ṣe ti ẹrù, bèèrè iye tó jẹ́.

Má san gbogbo owó fún dẹrẹ́bà. San ìdajì níbẹ̀, kí ìdajì wà lọ́wọ́ mi níbí, tí ẹrù bá ti kúrò lórí mọ́tò ẹ̀ màá san án lójú ẹsẹ̀. Kó pè mí tó bá ti gorí afárá Jẹ́bà, tàbí tó bá dé Ọ̀mù-Àrán tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló gbà, ìgbà yẹn ni mo máa pe oní-Hiab. Tó bá rí i pé alẹ́ lòun máa wọlé, kó sun Ìlọrin, màá fún un lówó oúnjẹ àti ti ibi tó máa sùn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ̀ ọ́ lóru.

Mo ti fi owó Alájì àti ti kíréènì ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹ láàárọ̀ yìí, wò ó bóyá ó ti wọlé. Bá mi kí Ìyá Àmínà, sọ fún wọn pé gàrí tí wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ ti wà nílẹ̀, mọ́tò tó bá kọ́kọ́ ń gòkè bọ̀ lọ́dọ̀ yín ni mo máa fi rán. Tó o bá ti rí flat body tó ń gba ọ̀nà ibí, ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ̀ sí mi kó o tó fún un ní nǹkankan.

Èmi ni,
Adébáyọ̀,
Ògbómọ̀ṣọ́