Sìkọ́láṣíìpù bọ́ọ̀lù tí kò sí: ẹ má ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé jáde yìí kan gbogbo òbí tí ọmọ rẹ̀ ga dáadáa, tó sì mọ bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì í gbá, torí irú wọn ni àwọn ájẹ́ǹtì ń wá kiri báyìí.

Lóru ọjọ́ kan, ẹnu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo wà ní Pasadena, Kalifọ́níà níbí, nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin pè mí láti Ìjẹ̀bú-Òde. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wa yọ̀ o, ọmọ yín ti rí sìkọ́láṣíìpù gbà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ ló ń bọ̀." Yunifásítì aládàáni kékeré kan ní gúúsù Kalifọ́níà ló ní wọ́n fún un, nítorí básíkẹ́ẹ̀tì tó mọ̀ ọ́n gbá. Ohun tó kù kò ju pé kó san mílíọ̀nù méjì náírà fún ájẹ́ǹtì kí àyè ọmọ náà má baà bọ́, ó sì ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀. Mo ní kó dárúkọ ilé-ìwé náà fún mi. Bó ṣe dárúkọ rẹ̀ báyìí ni àyà mi já. Mo mọ líìgì tí ilé-ìwé yẹn wà. Ẹnikẹ́ni kì í gba kọ́bọ̀ níbẹ̀ nítorí eré ìdárayá. Òfin wọn kò gbà á.

Líìgì náà ń jẹ́ Southern California Intercollegiate Athletic Conference. SCIAC ni wọ́n gé e kúrú sí, "Skáyàkì" ni àwọn ará ibí sì ń pè é lẹ́nu. Ilé-ìwé márùn-ún ló dá a sílẹ̀ ní 1915: Occidental, Pomona, Redlands, Whittier àti Throop, èyí tó di Caltech ní 1920. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni gbogbo wọn, wọn kò tóbi, wọn kò sì jìnnà síra wọn. Ikọ̀ kan lè wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, kí wọ́n lọ gbá eré wọn, kí wọ́n sì padà wá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wọn lálẹ́. Àwọn mìíràn dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Àwọn kan tiẹ̀ kéré débi pé wọ́n ń para pọ̀ ní ikọ̀ ni: ní ìlú Claremont, Pomona àti Pitzer jọ ní ikọ̀ kan, Claremont McKenna, Harvey Mudd àti Scripps náà jọ ní tiwọn, bí ará ilé tó ń da oúnjẹ pọ̀ sínú ìkòkò kan ṣoṣo.

NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà, pín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sí ìpele mẹ́ta ní 1973. Àwọn tó wà ní ìpele kìíní àti ìkejì láṣẹ láti torí eré ìdárayá fún ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ti ìpele kẹta, tí wọ́n lé ní 400, kò láṣẹ bẹ́ẹ̀. Ìpele kẹta yìí ni SCIAC wà. Ájẹ́ǹtì tó bá sọ fún yín pé òun ti bá kóòṣì kan nínú líìgì yẹn sọ̀rọ̀ sìkọ́láṣíìpù tán, gbájú-ẹ̀ ló ń ṣe, kódà bó bá fi lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ hàn yín.

Ìtàn Hakeem Olajuwon ni wọ́n fi ń fa ojú àwọn òbí mọ́ra. Òótọ́ ni ìtàn yẹn, ìwúrí ńlá ló sì jẹ́ fún èmi náà: ọmọ Yorùbá tó kúrò ní Èkó lọ sí Yunifásítì Houston ní 1980, tó sì jẹ́ pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọmọ tó wọ NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ní 1984. Àmọ́ ilé-ìwé ńlá ti ìjọba ni Houston, ìpele kìíní ló wà. Ẹni tó bá fi ìtàn Houston ta àyè ilé-ìwé kékeré ìpele kẹta fún yín, ọjà ọ̀tọ̀ ló fi hàn yín, ọjà ọ̀tọ̀ ló ń dì sápò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí gbogbo ará Pasadena mọ̀, kó lè yé yín pé àwọn ilé-ìwé yìí kì í ra agbábọ́ọ̀lù. Caltech jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ tó ń gba oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan lọ. Láti oṣù kìíní ọdún 1985 ni ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin wọn kò ti borí nínú ìdíje SCIAC mọ́. Wọ́n pàdánù lọ́dún yẹn, wọ́n pàdánù lọ́dún tó tẹ̀ lé e, títí tí ìfìdírẹmi náà fi di 310 léraléra. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ tó wọ aṣọ ikọ̀ yẹn kò gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún ilé-ìwé gírámà wọn rí. Wọ́n á jáde ní yàrá ìwádìí, wọ́n á wá gbá eré, wọ́n á pàdánù, wọ́n á tún padà sídìí ìwé wọn. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kejì ọdún 2011, wọ́n gba Occidental lálejò. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ó lé díẹ̀, Ryan Elmquist, ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ kan sínú àwọ̀n. Caltech 46, Occidental 45. Àwọn òǹwòran ya bo orí pápá. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí ìfìdírẹmi yẹn bẹ̀rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, wọn kò tú ikọ̀ náà ká, wọn kò sì náwó wá òmìrán láti òkè òkun kí ìtìjú náà lè tán. Ṣé irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ló máa torí pé ọmọ wa ga jẹ́ kí ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde máa bá wọn gba mílíọ̀nù méjì?

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan dán níbẹ̀ o. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé sáré lọ́wọ́, ń ná wọn lówó gọbọi. Occidental fi í sílẹ̀ ní 2020, Whittier náà fi í sílẹ̀ ní 2022 lẹ́yìn ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ikọ̀ Whittier yìí ni Richard Nixon, tó di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, wà nígbà tó ń kàwé níbẹ̀, tó jẹ́ pé orí bẹ́ǹṣì ló sábà máa ń jókòó sí. Síbẹ̀, ọmọ tí ilé-ìwé ń ràn lọ́wọ́ nítorí ìwé tó mọ̀ tàbí nítorí pé òbí rẹ̀ kò ní, títú ikọ̀ ká kò lè gba ìrànwọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìrànwọ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí àwọn òbí mọ̀ nípa rẹ̀, torí ojúlówó ọ̀nà wà. Owó tí Pomona ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò bá ràn lọ́wọ́ lé ní 80,000 dọ́là lọ́dún. Ilẹ̀ bàbá wa kò lè san ìlàjì ìlàjì rẹ̀. Ṣùgbọ́n Pomona ti ṣèlérí pé ọmọ tí àwọn bá gbà wọlé, ìbáà jẹ́ àjèjì, àwọn máa fi ohun tí agbára òbí rẹ̀ kò ká kún un fún un. Àtiwọlé ló ṣòro: bí àjèjì bá béèrè ìrànwọ́, wọ́n máa ń ro ti owó yẹn kí wọ́n tó gbà á, àwọn tó ń béèrè sì pọ̀ lọ jàra. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, àjèjì tí kò bá béèrè ìrànwọ́ nígbà tó ń gba fọ́ọ̀mù kò ní láǹfààní àtibéèrè rẹ̀ mọ́ tó bá débẹ̀. Ìwé tó mọ́ láti JSS, èsì WAEC tó dára, àròkọ tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ìwọ̀nyí ni wọ́n ń wò. Kóòṣì lè sọ fún àwọn tó ń gbani wọlé pé òun fẹ́ràn ọmọ yìí, kò sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àdírẹ́sì ímeèlì kóòṣì ń bẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti kọ̀wé sí i, ọ̀fẹ́ ni. Ìwé I-20 tí ẹ ó mú lọ sí ẹ́ḿbásì fún físà, ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́.

A kọ ímeèlì sí kóòṣì ilé-ìwé tí ájẹ́ǹtì dárúkọ. Ọjọ́ kejì ló dá wa lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé àwọn kì í fún ẹnikẹ́ni ní sìkọ́láṣíìpù eré ìdárayá, pé òun kò gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà rí, àti pé tí ọmọ náà bá fẹ́, kó fi fídíò eré rẹ̀ àti èsì ìdánwò rẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tí àbúrò mi fi ìdáhùn yìí han ájẹ́ǹtì, ńṣe ni ọkùnrin náà dínà mọ́ ọn lórí WhatsApp. Ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa, mo dúpẹ́.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Mo máa ń rí ìpolówó irú àwọn ájẹ́ǹtì báyìí nínú àwọn ìwé ìròyìn wa. Kí ẹ tó gba owó wọn, ẹ bá wa bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: ìpele wo ni ilé-ìwé yín wà? Ẹni tí kò bá lè dáhùn tààrà, ẹ dá owó rẹ̀ padà fún un. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ tẹ lẹ́tà yìí kí ọdún tó parí, torí inú oṣù kìíní ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé yìí máa ń ti ìforúkọsílẹ̀.

Ọmọ àbúrò mi ń múra fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lọ́wọ́. Mo ti sọ ìtàn Caltech fún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè mí, ó ní, "Bíìgì Mọ́mì, lẹ́yìn 310 yẹn, ṣé wọ́n ṣì ń gbá a?" Mo ní wọ́n ṣì ń gbá a. Ó ní kí n bá òun wá orúkọ kóòṣì wọn.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Pasadena, Kalifọ́níà