Lẹ́tà láti ilẹ̀ Faransé: ọjọ́ tí mo lọ sí Nantes

Àjọkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? O ní fọ́tò tí mò ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ti sú ọ, pé kí n jókòó kọ lẹ́tà gidi. Ó dáa, mo ti jókòó.

Nantes ni mo lọ lọ́jọ́ Sátidé. Etí odò Loire ló wà, òkun ò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síbẹ̀. Ààfin àwọn tó jọba Bretagne kó tó di ti Faransé ni mo kọ́kọ́ yà sí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Anne sí ní 1477, obìnrin tó fẹ́ ọba Faransé méjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ìwọ tí ọ̀rọ̀ olorì kì í sú! O lè gun odi ààfin náà láìsan kọ́bọ̀; ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbowó fún.

Mo sanwó, mo wọlé. Àwòrán ọkọ̀ òkun kan wà níbẹ̀, Marie-Séraphique, ti ọ̀rúndún 18. Ẹni tó yà á fara balẹ̀ gan-an: ó ya àwọn àgbá tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, ó sì ya àwọn ènìyàn tí wọ́n tò sínú rẹ̀ bí igi ìdáná. Nínú gbogbo èbúté Faransé, Nantes ló ṣòwò ẹrú jù. Nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ni ọkọ̀ wọn kó.

Tí o bá wá dé Île Feydeau, wàá rí ibi tí owó náà lọ. Ilé olókùúta gogoro, bákóńì onírin ológe, ojú ènìyàn tí wọ́n gbẹ́ sókè fèrèsé. Àwọn mìíràn nínú wọn, ojú adúláwọ̀ ni. Wọ́n rẹwà, mi ò ní purọ́ fún ọ. Orí iyanrìn ni wọ́n kọ́ wọn sí, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Erékùṣù sì ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, kí wọ́n tó fi iyẹ̀pẹ̀ dí omi tó yí i ká.

Ní Quai de la Fosse, létí odò, wọ́n ṣí ibi ìrántí òpin òwò ẹrú ní 2012. Gíláàsì 2,000 ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, orúkọ ọkọ̀ àti ọdún ìrìn àjò ló wà lára 1,710 nínú wọn. La Concorde wà lọ́kàn mi, ọkọ̀ Nantes tó kó ẹrú ní Ouidah, ní ilẹ̀ Benin òde òní, ní 1717, tí olè orí omi, Blackbeard, gbà nítòsí Martinique, erékùṣù kan ní Caribbean. Mo ń wo ilẹ̀ kiri, mò ń wá a, ni òjò bá bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó dùn mí ni pé ọkọ̀ ló lórúkọ níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó sínú rẹ̀, iye wọn làwọn akọ̀wé ọkọ̀ kọ sílẹ̀, wọn ò béèrè orúkọ. Síbẹ̀, mo kan sáárá sí ìlú náà pé kò bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀.

Mo rí erin onígi àti irin tó ga tó mítà 12, tó ń gbé èrò rìn, tó sì ń tú omi sára àwọn ọmọdé. Àwọn ọmọ rẹ ò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀! Lẹ́yìn náà mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí òdìkejì, sí Trentemoult, abúlé apẹja àtijọ́ tí ilé rẹ̀ pupa, tó yẹ́lò, tó búlúù. Ẹja ni mo jẹ. Kò lata rárá, mo ní kí n sọ fún ọ.

Tí físà rẹ bá jáde, Nantes la máa kọ́kọ́ lọ. Mú bàtà tó rọ̀ dání, àti ata gígún.

Bá mi kí Màmá.

Èmi ni tìrẹ,
Bísí