Kí Ẹ Tó Sọ̀rọ̀ Ogun Yẹn, Ẹ Gbọ́ Ohùn Asaba

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Bí nǹkan bá le, ẹ̀yin náà máa ń pariwo pé, "Ó le kú, ìjà Orè!" Mo bi ọ̀kan nínú yín léèrè ìjà tó jẹ́, kò mọ̀. N kò bá a wí. Àwa àgbà la pa ẹnu mọ́. Oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, ni àwọn ọmọ ogun Biafra, ìyẹn apá ìlà-oòrùn tó fẹ́ dá dúró, dé Orè, Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, ló sì ṣáájú wọn. Èèyàn kú níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó di àṣà lẹ́nu wa.

Ìjọba ṣí mùsíọ́ọ̀mù ogun sí Umuahia ní 1985. Ó yẹ kí ẹ débẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọn kì í ròyìn ẹni tó pa. Ohùn èèyàn ni mo fẹ́ kí ẹ wá lọ, ó sì wà lórí fóònù yín. Ẹ wá Asaba Memorial Project lórí íntánẹ́ẹ̀tì; ìlú kan létí odò Ọya ni Asaba. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní University of South Florida ló gba ohùn àwọn tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá 1967, àwọn ará Asaba wọ aṣọ funfun tí wọ́n ń pè ní akwa ocha, wọ́n ń jó, wọ́n ń ké "One Nigeria", wọ́n lọ pàdé àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀. Àwọn ọmọ ogun náà ya ọkùnrin sọ́tọ̀, tàgbà tèwe, wọ́n yìnbọn pa wọ́n ní Ogbe-Osowa, àdúgbò kan ní Asaba. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn! Ọmọ-ọmọ mi ló ṣí ohùn àwọn tó ṣẹ́ kù náà fún mi. Kò pẹ́ tí mo ní kó dá a dúró ná, nítorí ìjọba tó rán àwọn ọmọ ogun yẹn, ìjọba tí àwa náà ń kan sáárá sí ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ẹnì kan tán kí ẹ tó lanu. Ẹ má tìtorí àtimọ ẹni tó jàre gbọ́ ọ. Bí ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ Igbo bá ń sọ ohun tí ìyá rẹ̀ rí, ẹ má sọ fún un pé ó ti pẹ́. Ní 1970 tí ogun parí, Gowon, olórí ìjọba nígbà náà, ní kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ rere ni, àwa la sọ ọ́ di ìdí láti dákẹ́.

Ẹ gba ohùn àwọn àgbà ilé yín náà sílẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀ka èdè wọn sọ ọ́. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó gbé e síta.

Mo ti ní kí ọmọ-ọmọ mi wá ní Sátidé. Ọmọ ọdún 9 ni mí nígbà ogun náà, Oǹdó la wà. Màá sọ ti bàbá Igbo tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, tó fún mi ní bọ́ọ̀lù róbà kan lálẹ́ tó kó lọ. A kò tún rí i mọ́.

Èmi ni,
Màmá yín àgbà.