Ẹ máa ka ọjọ́ 60 yẹn dáadáa

Sí Olóòtú,

Okun o! Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn.

Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025 tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pa ilẹ̀kùn dé mọ́ gbígba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó láti òkè òkun, ìmọ̀ràn méjì ni à ń gbọ́ láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀ fún ọmọ tí ìwé rẹ̀ ní ìṣòro níbẹ̀: kí ó sá pamọ́, tàbí kí ó lọ purọ́ pé wọ́n fẹ́ pa òun nílé. Àwọn méjèèjì burú. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ojú ọ̀nà mìíràn tí àwọn ejẹ́ǹtì kì í dárúkọ, torí pé owó tí wọn yóò jẹ níbẹ̀ kò pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti lẹ́tà ọjọ́ 60. Bí ilé iṣẹ́ tó gba ọmọ yín bá pàdánù láísẹ́ǹsì tó fi ń gba òṣìṣẹ́ àjèjì, Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà níbẹ̀, yóò kọ̀wé sí ọmọ náà pé àwọn ti gé físà rẹ̀ kúrú. Ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún un. Bí iye tó kù lórí físà kò bá tó bẹ́ẹ̀, èyí tó kù náà ni yóò lò. Ẹni tí wọ́n bá sì gbà pé ó mọ̀ sí màgòmágó ilé iṣẹ́ náà lè má rí ọjọ́ kan ṣoṣo. Orí í-meèlì ni lẹ́tà yìí máa ń gbà wá. Bí ó bá jẹ́ í-meèlì ejẹ́ǹtì ló wà lórí fọ́ọ̀mù, ọjọ́ lè parí kí ọmọ tó gbọ́ rárá. Kí ó wọ orí àkáǹtì eVisa rẹ̀, ìyẹn físà orí íntánẹ́ẹ̀tì, lónìí, kí ó fi í-meèlì, fóònù àti àdírẹ́sì tirẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, ó lè wá agbanisíṣẹ́ mìíràn tó ní láísẹ́ǹsì. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì kò kan ẹni tó ti wà nínú ilé. Kódà láti oṣù Kẹrin ọdún 2025, ní England, ilé ìtọ́jú tó bá ń wá òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò láàárín àwọn tí ilé iṣẹ́ wọn ti já wọn kulẹ̀ kó tó lè gba ẹlòmíràn. Ìwé CoS (Certificate of Sponsorship, ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí wọ́n fi ń béèrè físà) tí agbanisíṣẹ́ tuntun bá fún un kò gbọdọ̀ ju oṣù 3 lọ kó tó lò ó. Owó ìwé náà kì í ṣe gbèsè òṣìṣẹ́: láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni wọ́n ti ka á léèwọ̀ kí agbanisíṣẹ́ gbé e lé e lórí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ẹ ta ilẹ̀ torí CoS ń tan yín jẹ.

Bí fọ́ọ̀mù físà tuntun bá wọlé ní ọjọ́ 59, ẹ̀tọ́ tí ọmọ ní tẹ́lẹ̀ ń bá a lọ títí èsì yóò fi dé. Bí ó bá di ọjọ́ 61, ó ti di ẹni tí kò ní ìwé. Ohun méjì ló máa ń bà á jẹ́ lẹ́yìn tí fọ́ọ̀mù bá ti wọlé. Èkíní, kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun kí èsì tó jáde. Èkejì, kí ó jáde kúrò nílùú, kódà kó jẹ́ ìsìnkú bàbá rẹ̀ ló ń bọ̀ wá ṣe: bí ó bá ti rìnrìn àjò, wọ́n á kà á sí pé ó ti fa fọ́ọ̀mù náà padà. A mọ ohun tí ìsìnkú jẹ́ nílẹ̀ Okun, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹbí mọ èyí kí wọ́n tó dá ọjọ́.

Ojú ọ̀nà tó tọ́ sí ọmọdé ni a fẹ́ tẹnu mọ́ jù. Láti ọdún 1983, ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í di ọmọ ìlú ibẹ̀ kìkì nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé níbẹ̀ títí ó fi pé ọdún 10, tí kò kúrò nílùú ju ọjọ́ 90 lọ nínú ọdún kọ̀ọ̀kan, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú. Fọ́ọ̀mù T ni wọ́n ń pè é. Kò sí ìbéèrè pé ṣé òbí ní físà. Wọn yóò wo ìwà ọmọ náà, torí ó ti pé 10. Owó rẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n òbí tí apá rẹ̀ kò ká a lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀.

Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ tó ti gbé ọdún 7 láìdá a dúró náà lè gba ìwé ìgbélùú (àṣẹ láti máa gbé níbẹ̀ láìní gbèdéke), bí kò bá bójú mu láti ní kí ó kó kúrò. Òbí rẹ̀ lè gba àṣẹ ìgbélùú oṣù 30 lẹ́ẹ̀kan lórí ìdí kan náà. Ibi tí àwa ará ilé ti ń ba èyí jẹ́ rèé: a máa ń ní kí wọ́n fi ọmọ ránṣẹ́ sí màmá àgbà ní Ìsánlú kó lè gbọ́ èdè, kí ìyá rẹ̀ sì lè ṣiṣẹ́. Tí ó bá ju oṣù 6 lọ lẹ́ẹ̀kan, kíka ọdún 7 ti já nìyẹn. Ní ti ọdún 10, Home Office lè fojú fo ọjọ́ tó lé, ṣùgbọ́n àánú ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́ mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kó gbọ́ Okun, ẹ jẹ́ kó wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ìsinmi ilé-ìwé.

Ìyàwó tàbí ọkọ tó tẹ̀ lé ẹnìkejì rẹ̀ lọ, tí onítọ̀hún wá ń lù ú tàbí tó ń fi físà halẹ̀ mọ́ ọn, kò di dandan kó fara dà á. Bí ìgbéyàwó bá ti fọ́ nítorí ìwà yìí, ó lè béèrè lọ́fẹ̀ẹ́ fún àyè oṣù 3 láti dá dúró, kí ó sì rí ìrànlọ́wọ́ ìjọba. Bí ẹnìkejì bá jẹ́ ọmọ ìlú tàbí ẹni tó ti gba ìwé ìgbélùú, ó lè fi oṣù 3 náà béèrè ìgbélùú tirẹ̀. Bí ẹnìkejì bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ àjèjì, oṣù 3 yẹn nìkan ni, kí ó yára wá ọ̀nà mìíràn nínú rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, kí ẹ tó sọ pé "padà sílé ọkọ rẹ", ẹ béèrè irú físà tó ní. Lẹ́tà dókítà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí lílù wúlò púpọ̀ níbẹ̀.

Físà Global Talent kò nílò agbanisíṣẹ́. Olórin, ayàwòrán tàbí ahunṣọ lè gbà á nípasẹ̀ Arts Council England, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ọnà níbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè, ó kéré tán kí ọ̀kan wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ẹ̀rí iṣẹ́ láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ahunṣọ Bùnú tí aṣọ rẹ̀ ti dé gbọ̀ngàn àfihàn, tí ìwé ìròyìn sì ti kọ nípa rẹ̀, lè gbìyànjú. Lẹ́tà pásítọ̀ pé ọmọlúàbí ni kò wúlò níbẹ̀. Ti High Potential Individual, físà àwọn tó jáde ní yunifásítì ńláńlá àgbáyé, tí àwọn kan ń polongo, kò sí yunifásítì Nàìjíríà kankan nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ti Ancestry sì jẹ́ ti ẹni tí wọ́n bí òbí òbí rẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, ẹni tó fi owó ara rẹ̀ wálé kí ọjọ́ tó fi kọjá ìparí físà rẹ̀ tó pé 30 kì í rí ìfòfindè torí ìyẹn. Ẹni tó purọ́ tàbí tó lo ayédèrú ìwé lè rí ìfòfindè ọdún 10.

Ẹni tó bá ń gbani nímọ̀ràn lórí ìwé níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ lọ́yà, tàbí kí orúkọ rẹ̀ wà lórí àkọsílẹ̀ Immigration Advice Authority, tí a ń pè ní OISC títí di oṣù Kìíní ọdún 2025. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àkọsílẹ̀ náà wà. Ẹ wò ó kí owó tó jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ wo inú àpótí. Pásípọ́ọ̀tù àtijọ́ tí ọmọ yín kó wálé nígbà tí ó gba tuntun ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ tó jáde àti ọjọ́ tó padà. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé rẹ̀, títí kan èyí tí kò sí òǹtẹ̀ lórí rẹ̀, kí ẹ tó fi í ránṣẹ́.

Àwa tí a ń ṣètò ìwé ìrìnnà,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí